Ẹ̀kùrọ́ inú Kọ̀ǹpútà: Èdè-Ìperí fún Kíkọ́ Ètò Adarí àti Wíwá Ìdí Àṣìṣe Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ọ̀fà jẹ́ ìlú ojú irin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún tí ọkọ̀ náà ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà ni àwọn ará ìlú ti ní ọ̀rọ̀ méjì fún un: rélùwéè, tí a yá, àti ọkọ̀ ojú irin, tí a ṣẹ̀dá. Èkíní kò lé èkejì jáde. Lónìí, Ọ̀fà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, níbi tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti kọ̀ǹpútà kò sí lára iṣẹ́ tí ó gbà ṣe.

Iṣẹ́ kan wà tí ó ń dán èdè wò nínú ìmọ̀ yìí: kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kùrọ́ ètò adarí kọ̀ǹpútà, kí ó sì wá ìdí àṣìṣe tí ó bá yọjú. Bí olùkọ́ kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó yéni fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò há àṣẹ sórí bí ẹni há ọfọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọfọ̀ náà kò bá jẹ́, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ̀kùrọ́ àti èèpo

Ètò adarí ni ó ń darí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ètò kan wà tí ó ń pín àkókò àti àyè ìrántí fún àwọn ètò yòókù. Kernel ni orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ẹ̀kùrọ́ ọ̀pẹ. Ẹlòmíràn lè fẹ́ "ọkàn ètò", ṣùgbọ́n ọkàn ń fa èrò lọ sọ́dọ̀ ìmọ̀lára, kò sì sọ pé ohun kan bò ó. Ẹ̀kùrọ́ ní èèpo líle. Ètò yìí náà ní èèpo, èyíinì ni ètò tí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn tí ó sì ń gbé e fún ẹ̀kùrọ́. Atúmọ̀ tí ó bá pe èkejì yìí ní "ìkarahun" ti gbé wa kúrò nídìí ọ̀pẹ lọ sọ́dọ̀ ìgbín. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń rìn ni; a kò gbọdọ̀ yà wọ́n.

Ẹ̀kùrọ́ tí gbogbo ènìyàn lè rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, ní ilẹ̀ Finland. Èdè C ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlà rẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù 30.

3. Ògbufọ̀ àti atúmọ̀

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè C. A gbọ́dọ̀ túmọ̀ àkọsílẹ̀ náà sí èdè ẹ̀rọ. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe èyí, Yorùbá sì ti mọ méjèèjì tipẹ́. Ògbufọ̀ a máa túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde lẹ́nu. Atúmọ̀ ní tirẹ̀ a gbé odindi ìwé, a sì túmọ̀ rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Atúmọ̀ ni ẹ̀kùrọ́ ń fẹ́. Èyí tí a sábà ń lò ni GCC, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1987. Lẹ́yìn atúmọ̀ ni asopọ̀, tí ń kó àwọn fáìlì tí a ti túmọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ètò tí ń jẹ́ make ni alábòójútó wọn. Ó ń fi àkókò tí a kọ fáìlì kan wé àkókò tí a túmọ̀ rẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá jẹ́ tuntun ju àkọsílẹ̀ lọ, kò ní tún un ṣe.

4. Ìṣàyàn

Kí ìtumọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò wà nínú ẹ̀kùrọ́. A lè mọ ẹ̀yà kan mọ́ ọn lára, a lè fi í ṣe àfikún tí a ń gbé wọlé nígbà tí a bá nílò rẹ̀, a sì lè yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Nínú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ni ètò tí ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí módẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀. Bí a bá pè é ní "awakọ̀" nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì wí bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ọkọ̀. Alárinà ni ó yẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n alárinà tibí yìí kì í yẹ̀ba, nítorí ẹ̀kùrọ́ àti ẹ̀rọ kò ní gbọ́ ara wọn láé.

Àṣẹ make localmodconfig a máa dín iṣẹ́ kù gidigidi, nítorí pé àfikún tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ni ó ń yàn. Ewu rẹ̀ ni pé bí a kò bá ki módẹ́ẹ̀mù bọ kọ̀ǹpútà nígbà náà, alárinà rẹ̀ kò ní sí nínú ẹ̀kùrọ́ tuntun, kò sì ní sí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó fi wá àtúnṣe.

5. Wíwá ìdí àṣìṣe

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ìkìlọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe. Ìkìlọ̀ kì í sábà dá iṣẹ́ dúró. Àṣìṣe ni ń dá a dúró. Bí atúmọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, àṣìṣe tí ó fa wàhálà lè wà lókè réré, nígbà tí ìlà tí ó kẹ́yìn kàn ń kéde pé iṣẹ́ bàjẹ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a wá. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Bí atúmọ̀ bá ní òun kò rí fáìlì opensslv.h, tàbí òun kò rí flex tàbí bison, àkọsílẹ̀ kò lẹ́bi. Irinṣẹ́ ni kò pé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Killed nìkan ni ó hàn, ó ṣeé ṣe kí àyè ìrántí ti tán: kí a dín iye iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kù. Ẹ̀kùrọ́ tí a kó gbogbo àfikún sí pẹ̀lú àlàyé fún àyẹ̀wò lè gba ju gígábáìtì 20 lọ nínú dísìkì.

Iná mànàmáná tún ní tirẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Make yóò máa bá a lọ níbi tí ó dé. Fáìlì tí iná kú mọ́ lọ́wọ́ lè wà ní ààbọ̀, asopọ̀ yóò sì kọ̀ ọ́. Kí a pa á rẹ́, kí a tún un túmọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́, bátìrì kékeré tí ń ṣọ́ aago lè ti kú. Nígbà tí iná bá padà dé, aago a ti lọ sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, fáìlì àná a sì dà bí ohun tí a kọ ní ọjọ́ iwájú. Make yóò kìlọ̀ pé aago kò bára mu. Kí a tún aago ṣe kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Bí a bá ti fi aago òdì túmọ̀ nǹkan, kí a fi make clean kó o dànù.

Ìtumọ̀ lè yọrí síbẹ̀ kí ẹ̀kùrọ́ má lè jí. Bí kò bá rí dísìkì tí ètò wà lórí rẹ̀, yóò dá gbogbo nǹkan dúró. Gẹ̀ẹ́sì pe èyí ní ìpayà. Ìdákú ni ohun tí ojú rí. Nítorí náà, kí a má yọ ẹ̀kùrọ́ àtijọ́ kúrò títí tuntun yóò fi jí, tí yóò sì ṣiṣẹ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Èdè-ìperí tí ó dára kì í ṣe èyí tí ó jọ Gẹ̀ẹ́sì jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí ó jinlẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé alárinà ni ó sọnù yóò lọ sí ibi ìṣàyàn; èyí tí ó mọ̀ pé asopọ̀ ni ó kọ fáìlì kò ní máa da atúmọ̀ láàmú. Make, Linux àti módẹ́ẹ̀mù lè dúró bí ọ̀rọ̀ àyálò gẹ́gẹ́ bí rélùwéè ti dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń tọ́ka sí ibi tí àtúnṣe wà ni iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ti pọn dandan.