Òǹkà tó yẹ ká fi ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, kì í ṣe lọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Port Harcourt ṣe ilé, láti Diobu dé Borokiri, láti Trans-Amadi dé Rumuokoro, ọ̀rọ̀ òǹkà la fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti ń kó àwọn ènìyàn wa lówó lọ.

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ lọ́tò kọjá lọ́sàn-án yóò rí àwọn tiwa níbẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́. Wọ́n á mú ìwé èsì àtẹ̀yìnwá dání, wọ́n á máa fa ìlà láti orí nọ́ńbà kan bọ́ sórí òmíràn, wọ́n á ní àwọn ń wá èyí tó dájú. Bí ẹ bá wo ojú wọn, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n gbà pé àwọn ń ṣe. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn. Ọpọlọ wọn pé, wọ́n sì ní sùúrù, ṣùgbọ́n orí àpáta ni wọ́n ń gbin àgbàdo sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú lọ́tò tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà 5 jáde nínú 90, ọ̀nà 4,005 ló wà tí ènìyàn lè gbà mú nọ́ńbà méjì pọ̀. Nínú àwọn 5 tó bá jáde, méjì-méjì tí a lè rí kò ju 10 lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ta nọ́ńbà méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò jẹ nínú nǹkan bí irinwó ìgbà, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń san fún un kì í tó ìlọ́po irinwó. Nọ́ńbà tó jáde lánàá kò sì mọ èyí tí yóò jáde lónìí. Kò sí ìlà tí a lè fà tí yóò so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n òǹkà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó kò ní pàdánù. Sudoku ni wọ́n ń pè é. Àpótí ńlá kan ni tó ní ìlà 9 ní ìbú àti 9 ní òòró, tó fi jẹ́ pé ilé 81 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún pín in sí àpótí kéékèèké 9. Nọ́ńbà 1 dé 9 la ó tò sínú rẹ̀, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ yọjú lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà ìbú kan, lórí ìlà òòró kan, tàbí nínú àpótí kékeré kan. Wọ́n á ti kọ díẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ìyókù dọwọ́ làákàyè.

Ọ̀pọ̀ rò pé Japan ló ti ṣẹ̀. Amẹ́ríkà ni. Howard Garns, ayàwòrán ilé kan ní ìlú Indianapolis, ni wọ́n gbà pé ó ṣe é, ilé iṣẹ́ Dell sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979. Nikoli ti Japan gbé e ní 1984, ọ̀dọ̀ wọn ló ti gba orúkọ. Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong, ló gbé e lọ fún ìwé ìròyìn The Times ní London ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ó sì gba ayé kan láti ibẹ̀. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 17 bí wọ́n bá fẹ́ kí ìdáhùn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nǹkan òyìnbó nìyí. Muhammad al-Kishnawi, Fúlàní láti Katsina, kọ ìwé lórí àpótí òǹkà ní nǹkan bí ọdún 1732, ó sì kú ní Cairo ní 1741. Èyí tó kéré jù nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ nìyí: 8, 1, 6 lórí ìlà kìíní, 3, 5, 7 lórí ìkejì, 4, 9, 2 lórí ìkẹta. Ibi yòówù kí ẹ ti rò ó, ìbú, òòró tàbí ìgun dé ìgun, 15 ni. Àwa náà ní ayò ọlọ́pọ́n, ilé 12, ọmọ 48. Ẹni tí kò bá lè ka ọmọ inú ilé kó tó fọwọ́ kàn án, ọ̀pẹ́ ni yóò máa jẹ́ títí.

Sudoku fúnra rẹ̀ ti bímọ. Òmíràn wà tí ìlà ìgun dé ìgun náà gbọdọ̀ ní 1 dé 9. Òmíràn wà tí àwọn àpótí kéékèèké inú rẹ̀ wọ́, tí wọn kò rí bákan náà. Èyí tó wù wá jù ni Killer Sudoku. Wọn kì í sábà kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọgbà kéékèèké ni wọ́n máa ń sọ yí àwọn ilé ká, wọ́n á sì kọ àròpọ̀ ohun tó wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ọgbà ilé méjì bá jẹ́ 17, 9 àti 8 ni. Bí ilé mẹ́ta bá jẹ́ 24, 7, 8 àti 9 ni, kò sí òmíràn. Ìlà kọ̀ọ̀kan àti àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan sì gbọdọ̀ jẹ́ 45. Nítorí náà, bí àwọn ọgbà tó kún àpótí kékeré kan bá yọ síta ní ilé kan ṣoṣo, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 49, 4 ló wà nínú ilé tó yọ síta yẹn.

Ẹ wá wo bí èdè wa ṣe ń pe 45: márùndínláàádọ́ta. A yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ìyọkúrò tí eré yìí fẹ́ gan-an ló ti wà lẹ́nu wa látọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbí kò lè ka Yorùbá kọjá ogún. Bí ìyá bá pe àròpọ̀ ọgbà ní Yorùbá, tí ọmọ ń wá ìdáhùn, èdè àti ìṣirò wọlé pọ̀. Tetsuya Miyamoto, olùkọ́ kan ní Japan, ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní KenKen fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní 2004, kí wọ́n lè máa fúnra wọn ronú.

Èyí ni kékeré fún àwọn ọmọ wa, ìlà 4 ní ìbú àti 4 ní òòró. 1 dé 4 la ó lò, àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan sì ní ilé 4. Àmì – dúró fún ilé tó ṣófo.

1 – – 4
– 4 – –
2 – – –
– – – 1

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àpótí òkè lápá òsì. 2 àti 3 ló kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n 2 ti wà lórí ìlà òòró kìíní. Ibo ni 3 máa wà? Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, 4, 3, 2, 1 ni ìlà ìsàlẹ̀ yóò jẹ́.

A kò bú ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé àìríṣẹ́ ló lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dé ìsọ̀ lọ́tò, a sì mọ̀ pé Sudoku kò ní san owó ilé. Ṣùgbọ́n kò ní kó owó ilé lọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà tí a lè fi ẹ̀rí gbè àti èyí tí a kàn ń fọkàn fẹ́, kò ní rọrùn láti tàn jẹ, yálà níwájú ìsọ̀ lọ́tò tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì lóṣù kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ gé àpótí òkè yìí jáde fún àwọn ọmọ yín. Ẹ mú wọn wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìrésà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ayò, ẹ gbé ọpọ́n yín dání. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ire o.