Fóònù Gẹ́gẹ́ bí Ògbufọ̀ ní Ìpàdé Wa

Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, olúkúlùkù gbọ́ iṣẹ́ ńlá Ọlọ́run ní èdè ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, aya tí ẹnì kan fẹ́ láti ẹ̀yà mìíràn a máa jókòó bí àlejò, nítorí kò gbọ́ Yorùbá. Fóònù lè ràn án lọ́wọ́, bí a bá mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe tẹ̀léra: yóò sọ ohùn tí ó gbọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ, yóò túmọ̀ rẹ̀, yóò sì kà á jáde. Bí ó bá ṣì gbọ́, àṣìṣe náà ni yóò túmọ̀ dé òpin. Ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ariwo díẹ̀ lè dà wọ́n pọ̀. Google ti ń túmọ̀ Yorùbá kíkọ láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èdè tí fóònù lè kọ ni ó lè gbọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, kí a dán an wò ṣáájú ọjọ́ ìpàdé.

Kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Kí fóònù sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń parí ìjà, tàbí tí a ń pa òwe, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì jókòó ti àlejò náà. Fóònù kò lè wo ojú ènìyàn kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì yé e.