Òróró wo ló yẹ èèkù irinṣẹ́ nígbà ọyẹ́?

Bí ọyẹ́ bá ti mú l'Ábùjá, orí àáké àti òòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà òjò, èèkù kan náà mu ọ̀rinrin yó, ó sì fún irin mọ́ra pinpin. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè lọ sílẹ̀ kọjá 30% lọ́sàn-án. Igi á gbẹ, á sì súnkì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó ki orí àáké bọ omi mọ́jú. Yóò fún lóòótọ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Igi tó wú nínú ihò irin kò ríbi fẹ̀ sí, nítorí náà iṣan inú rẹ̀ á fún ara wọn pa. Bó bá tún gbẹ, yóò kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rẹ àáké sómi lọ́dọọdún ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Kí wá ni ká fi pa á? Fánìṣì dára fún àga àti tábìlì tí wọ́n ń kàn ní Kugbo l'Ábùjá, nítorí àga kì í gbún òkúta. Ká sọ òtítọ́, fánìṣì tí kò tíì bó ń dí ọ̀rinrin ju òróró lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń dí i pátápátá. Àmọ́ lára ṣọ́bìrì tàbí ẹ̀rúkọ́, kì í pẹ́ bó. Omi á gba ojú ibi tó ti bó wọlé, ìyókù á máa ṣí, wàá sì fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí o tó tún un kùn. Ó tún máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tó ti làágùn.

Èmi fara mọ́ òróró, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbẹ ni, irú bíi ti irúgbìn linseed. Òróró linseed kì í gbẹ bí omi ṣe ń fẹ́ lọ. Ọ́síjìn ló ń fà mọ́ra, tí yóò fi le sínú iṣan igi. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń fi áyódìn wọn agbára yìí: ti linseed sábà máa ń kọjá 170, ti òrí wà ní nǹkan bí 60, ti epo pupa ní nǹkan bí 50. Èyí tí kò bá tó 130 kì í gbẹ dáadáa. Igi ẹ̀mí tí òrí ti ń wá pọ̀ ní àyíká Àbùjá, ṣùgbọ́n òrí tí a fi pa èèkù yóò kàn máa ràn mọ́ eruku ni.

Fi sáńpépà ha á, fi òróró pa á fẹ́ẹ́rẹ́, nu àṣẹ́kù kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ kó gbẹ, kí o tún un pa ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Ojú ibi tí wọ́n ti gé igi ló ń mu ún jù. Má ṣahun níbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá kàn pa òmíràn lé e ni.

Ewu kan wà ṣá. Ọ́síjìn tí òróró yìí ń fà ń mú ooru jáde, àkísà tí a ká jọ sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ ló dá iná sílẹ̀ ní àjà kejìlélógún One Meridian Plaza, ilé alájà 38 ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ panápaná mẹ́ta ló kú. Nítorí náà, sá àkísà náà síta láìká a, tàbí kí o rì í sómi kí o tó dà á nù.