Ìtọ̀ Tí Ń Ro Lẹ́yìn Ìrọbí Pípẹ́

Obìnrin mìíràn a la ikú já lórí ìkúnlẹ̀, síbẹ̀ ìpọ́njú kò ní tán. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìtọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọkọ lè kọ̀ ọ́. Àwọn aládùúgbò a sì máa pè é ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ ni, ó sì ní ìwòsàn.

Bí ọ̀nà ìbí bá há, tí ìrọbí sì wọ ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, orí ọmọ a máa tẹ ẹran ara tí ó wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara mọ́ egungun ìbàdí, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀. Bí a bá fi okùn dì ẹ̀ka igi pinpin, yóò gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran yìí ti ń kú. Nígbà tí ó bá já, ihò a ṣẹ́kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkú ni ọmọ náà í jáde.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí:

1. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ihò náà bá kéré, tí kò sì tíì pẹ́, dókítà lè ti rọ́bà bọ àpò ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí ó lè dí fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá dí, iṣẹ́ abẹ ni a ó fi rán an. Bí ó tilẹ̀ ti pé 20 ọdún, kò pẹ́ jù láti lọ.

2. Kí ó máa mu omi dáadáa. Ẹni tí ó ń fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ kí ìtọ̀ lè dín kù, ìtọ̀ rẹ̀ a ki, a sì máa jó o lára.

3. Ẹ má ṣe ki ewé tàbí oògùn kankan sí ojú ara.

4. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ọkọ mú sùúrù títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Bí ó bá tún lóyún, ilé ìwòsàn ni kí ó bí i sí.

Ní 1962, a gbé ọ̀dọ́bìnrin kan láti abúlé, Mamitu Gashe, wá sọ́dọ̀ Dókítà Reginald àti Catherine Hamlin ní Addis Ababa, ní Etiópíà, nítorí ọgbẹ́ yìí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó dúró tì wọ́n, bí kò tilẹ̀ kàwé, títí òun náà fi ń rán ọgbẹ́ àwọn obìnrin mìíràn. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba fún un wà ní Katsina, ní Ningi àti ní Abakaliki.

Ẹ̀yin baálé, ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́ kí oyún tó pé oṣù. Bí ìrọbí bá ti tó wákàtí 12 láìbí, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, bí obìnrin kan bá ti dẹ́kun àtiwá sí ìsìn nítorí òórùn ara rẹ̀, ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.