Kí A Tó Tú Ẹ́ńjìnnì: Ohun Tí Ó Ń Mú Ògbólógbòó Ọkọ̀ Dísù Gbọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òdìkejì òwe yìí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ dísù tí ó ti pẹ́: làpálàpá ni ó mú ọkọ̀, oògùn ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pò fún un. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìró rẹ̀ ń ṣe ségesège, èéfín ń jáde, kíá ni wọ́n ti ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á kó irin rẹ̀ sínú abọ́, ibẹ̀ ni owó olówó yóò sì wọlẹ̀ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè pé kí ni èyí kan akẹ́kọ̀ọ́, ìdáhùn kò jìnnà. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a wá kàwé ní òkè Ọya, ọkọ̀ àtijọ́ kan ni ó wà nídìí owó ilé-ìwé wa. Òun ni bàbá fi ń ṣiṣẹ́, òun ni ìyá fi ń kó ẹrù lọ sọ́jà, òun náà ni ó ń gbé wa gba ọ̀nà Jẹ́bà tàbí Lọ́kọ́ja lọ sílé nígbà ìsinmi. Bí wọ́n bá ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, nítorí àìsàn tí róbà kékeré kan ìbá wò sàn, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn náà lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ohun tí kò náni lówó dé orí èyí tí ó ń náni lówó gọbọi.

Mercedes-Benz 240D ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí a mọ̀ sí W123, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1976 sí 1985. Àwọn onítakisí ní Jámánì àti Mòrókò fi í jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í tètè kú. Ohun tí a ó sọ bá Peugeot 504 dísù mu pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì bá jẹnẹrétọ̀ dísù tí ń dún lẹ́yìn ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mu.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ DÍSÙ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1892. Ní 1897 ni èyí tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ń fi púlọ́ọ̀gì ṣáná sí epo. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń kọ́kọ́ fà wọlé, tí yóò sì fún un pọ̀. Nínú 240D, afẹ́fẹ́ tí ó gba àyè 21 ni písítìnì ń fún mọ́ inú àyè 1. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà máa ń gbóná. Ti inú ẹ́ńjìnnì ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí ó ń kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú ooru yìí ni nọ́sù ń fọ́n dísù sí bí ìkùukùu, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Nọ́sù kì í dédé ṣí. Bí ó bá jẹ́ tuntun, àfi kí agbára epo tó 115 sí 125 bar kí ó tó ṣí. Bí 2 bar péré ni afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ fi èkíní wé èkejì, kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tí irin kékeré yìí ń ṣe.

Sìlíńdà 4 ni 240D ní, 1, 3, 4, 2 sì ni wọ́n ń tò ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó bí ẹni pé obìnrin mẹ́rin ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó wọ́n bá ń tẹ̀lé ara wọn létòlétò, ìró rẹ̀ á dùn. Bí ọ̀kan bá pa tirẹ̀ jẹ, tàbí tí ó gún un lẹ́yìn àkókò, gbogbo ará ilé ni yóò gbọ́ pé nǹkan ti yí padà. Ohun tí ń mú ọkọ̀ gbọ̀n náà nìyẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Èkíní ni epo mímọ́ tí kò ní afẹ́fẹ́ tàbí omi nínú. Èkejì ni nọ́sù tí yóò fọ́n epo náà dáadáa ní àkókò tí ó yẹ. Ẹ̀kẹta ni kí sìlíńdà lè di afẹ́fẹ́ mú nígbà tí písítìnì bá ń fún un. Ti àkọ́kọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ni kò sì wọ́n. Ti ẹ̀kẹta ni ó wọ́n jù, nínú rẹ̀ nìkan sì ni títú ẹ́ńjìnnì lè ti di dandan. Kí ni ó wá dé tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn?

ÌGBÀ WO NI Ó Ń GBỌ̀N?

Kí a tó mú sípánà lọ́wọ́, ìbéèrè ni kí a kọ́kọ́ bi ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ni ó ń gbọ̀n, tí ó sì ń dákẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ fura sí hítà púlọ́ọ̀gì, irin tí ń mú inú sìlíńdà gbóná kí ọkọ̀ tó ta. Lára àwọn 240D àkọ́kọ́, orí okùn kan ni gbogbo rẹ̀ wà, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jó, gbogbo wọn ni kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Lára àwọn tí ó tẹ̀lé e, oníkálukú ló dá dúró, bí ọ̀kan bá jó, sìlíńdà tirẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣe ọ̀lẹ ní òwúrọ̀.

Bí ó bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n tí ìró rẹ̀ ń lọ geere, ẹ wo ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Róbà ni ó wà níbẹ̀. Bí róbà náà bá ti fọ́, ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò máa gbọn gbogbo ọkọ̀ jìgìjìgì.

Bí ó bá jẹ́ pé orí òkè tàbí nígbà eré sísá ni agbára rẹ̀ ń dínkù, ó ṣeé ṣe kí epo má máa dé ibi tí ó yẹ tó. Ẹ wo fílítà. Bí èéfín dúdú bá ń bá a jáde, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Gbogbo wa ni a mọ bí eruku apá ibí yìí ti rí.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ó dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí pé nọ́sù ń tọ̀ dípò kí ó fọ́n. Èyí tí ó funfun tí ó sì ń rùn dísù ń sọ pé epo kan ń jáde láìjóná. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró ń sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń jó.

Ẹ TẸ̀LÉ EPO LÁTI TÁǸKÌ

Ẹ bu dísù láti inú táǹkì sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Ìdọ́tí náà yóò sì hàn. Ẹ rántí pé àwọn kan ń lú dísù pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì. Dísù fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí irin inú pọ́ǹpù àti nọ́sù máa yọ̀, tí wọn kò fi ń jẹ ara wọn. Kẹrosíìnì kò ki tó o, irin náà yóò sì tètè jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fílítà. Méjì ni 240D ní: èyí kékeré oníke tí a lè rí inú rẹ̀, àti èyí ńlá tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì papọ̀. Bí èyí tuntun bá tún dọ̀tí láàrin ọjọ́ díẹ̀, a jẹ́ pé inú táǹkì ni ìdọ́tí wà, àfi kí a fọ̀ ọ́. Bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèkánná.

Ọ̀tá tí ó fara pamọ́ jù ni afẹ́fẹ́. Fífà ni wọ́n ń fa epo láti táǹkì wá sí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí róbà ibẹ̀ bá sán, epo lè má jò síta rárá. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Ó dà bí ìgbà tí a ń fi sítírọ́ọ̀ tí ó ní ihò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ wo fílítà kékeré náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: bí èéfọ́ọ́ bá ń yọ nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ yẹ gbogbo róbà àti ìdè rẹ̀ wò títí dé táǹkì. Ẹ má gbàgbé àwọn róbà tín-ín-rín tí ó so nọ́sù kan mọ́ èkejì. Bí wọ́n bá ti gbó, dísù yóò máa rin orí ẹ́ńjìnnì. Owó wọn kò tó nǹkan.

Nígbà tí a bá tún gbogbo èyí ṣe tán, kí a fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tí ó wà lára pọ́ǹpù ńlá, títí tí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde tán nínú epo.

BÍ A ṢE Ń MỌ SÌLÍŃDÀ TÍ Ó Ń ṢE Ọ̀LẸ

Bí epo bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Kí ó máa ṣiṣẹ́ lójú kan, kí mẹkáníìkì sì fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì páìpù epo tí ó wà lórí nọ́sù kìíní díẹ̀. Epo yóò jò níbẹ̀, sìlíńdà náà yóò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá burú sí i, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ó dè é padà, kí ó lọ sí èkejì. Èyí tí ó bá dẹ̀ tí ohunkóhun kò yí padà, òun ni ọ̀lẹ.

Ẹ ṣọ́ra o! Agbára epo yìí lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti ń jò. Kí ẹni tí ń ṣe é bo ojú, kí ó fi aṣọ nípọn bo ibi tí ó ń dẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí. Bí epo bá gún ẹnikẹ́ni lára, ilé-ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú egbò náà kò tilẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Nígbà tí a bá ti mọ ọ̀lẹ, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a gbé nọ́sù rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, kí ti aládùúgbò sì bọ́ sí ipò tirẹ̀, pẹ̀lú wọ́sà tuntun lábẹ́ wọn. Kí a tún dán an wò. Bí ìwà ọ̀lẹ bá tẹ̀lé nọ́sù lọ, nọ́sù ni ó ń ṣàìsàn. Kí a gbé e lọ fún àwọn tí ń ṣe pọ́ǹpù dísù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ wọn. Bí ó bá jókòó ti sìlíńdà rẹ̀, ìgbà náà ni a tó lè bẹ̀rẹ̀ sí wo ibòmíràn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ KAN INÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ibòmíràn náà kò tíì túmọ̀ sí títú ẹ́ńjìnnì. Fáàfù ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àlàfo ojú fáàfù a máa dínkù, títí tí fáàfù kò fi ní lè pa dé mọ́. Afẹ́fẹ́ á máa jò, ooru kò ní tó, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì 240D bá tutù, 0.10 mílímítà ni àlàfo fáàfù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.30 mílímítà sì ni ti èyí tí ń lé èéfín jáde. Ìdérí òkè nìkan ni a ó ṣí láti ṣe é. Ọkọ̀ púpọ̀ ni ó ti ti ibi yìí jí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a wo àkókò tí pọ́ǹpù ń tu epo, nítorí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì a máa gùn sí i bí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà, epo á sì máa pẹ́ dé. Níkẹyìn, kí a fi òṣùwọ̀n wọn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn mẹ́ta yòókù lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú wọ̀nyí, a ti gbà pé ẹ̀tẹ̀ ni. Kí wọ́n tú u nígbà náà, ẹ̀rí wà nílẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA

A kò kọ èyí láti bú àwọn mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pẹtiróòlù ni àwọn kan mọ̀, ti dísù sì yàtọ̀. Kò sí ohun tí ó burú bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ẹ tó ṣí i, ẹ bá wa dẹ nọ́ọ̀tì nọ́sù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a mọ sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́." Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ní kò pọn dandan, kí ẹ rọra gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da pẹtiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ kí ó lè tètè ta. Ó lè gbiná kí àkókò tó tó, kí ó sì fọ́ písítìnì tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ ṣí ìwé yìí han bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkọ̀ tí a bá fi sùúrù tọ́jú yóò gbé wa lọ, yóò sì gbé wa bọ̀ láyọ̀. Ire o.