Omi ni a ń kọ́lé fún kí a tó kọ́ ọ fún ẹja

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Omi là ń mu, òun là ń wẹ̀, òun la sì fi ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n omi púpọ̀ tí a kó jọ sí ojú kan kì í ṣe ohun tí a lè fojú kékeré wò. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2022, táńkì ẹja ńlá kan tí ó wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, bẹ́ lójijì ní ìdájí. Táńkì náà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ. Omi inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù lítà kan, ẹja inú rẹ̀ sì tó bí 1,500. Omi náà ya jáde, ó gbá ẹrù hòtẹ́ẹ̀lì dà sí ìgboro, ó sì ṣe ènìyàn méjì léṣe. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹja náà ni ó kú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni, nígbà tí èrò ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ẹkún ì bá pọ̀ jù báyìí lọ.

Mo mú ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ táńkì ẹja ńlá sí ilé ara rẹ̀, ẹja ni ó máa ń kọ́kọ́ rò. Ó ń ro ẹwà rẹ̀, ó ń ro bí àlejò yóò ti máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni omi ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò. Omi ní ìwúwo, omi sì ní ẹ̀mí. Ẹni tí kò bá ro ti ìwúwo omi, ilé tí ó kọ́ yóò wó. Ẹni tí kò bá ro ti ẹ̀mí omi, ẹja rẹ̀ yóò kú.

ÌDÍ TÍ A FI Ń FẸ́ DÍGÍ

Sísin ẹja sínú dígí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1850 ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé ẹja àti ewéko lè jọ gbé inú omi kan náà pẹ́ títí, kí ewéko máa pèsè atẹ́gùn tí ẹja ń mí. Ní ọdún 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún aráyé láti wò ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, kò ṣàjèjì mọ́ kí ènìyàn kọ́ adágún sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa sin ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wo ẹja láti òkè, ẹ̀yìn dúdú nìkan ni ó ń rí. Kò rí bí irùngbọ̀n mẹ́jọ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ti ń wá oúnjẹ kiri, kò sì mọ̀ bí egbò bá wà ní ikùn rẹ̀. Bí a bá fi fèrèsé dígí sí ara adágún yìí, a ti sọ ọ́ di táńkì ìwòran. Irú èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé bíríkìlà wa lè kọ́ ọ, ohun èlò rẹ̀ sì wà lọ́jà.

Ẹja àrọ̀ lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ìbú táńkì kò gbọdọ̀ dín sí gígùn ẹja, kí ẹja lè rí ààyè yípo. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fi táńkì tí inú rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ṣe àpẹẹrẹ. Kí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí omi sì dé ẹsẹ̀ bàtà 2½. Àrọ̀ ńlá mẹ́fà ti tó nínú rẹ̀.

ÌWÚWO OMI

Omi tí yóò wọ inú táńkì yìí tó bí 1,700 lítà. Lítà omi kan sì wọn kílò kan. Èyí ni pé 1,700 kílò ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ sí ojú kan, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 34, láìtíì ka ògiri mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ irú táńkì yìí sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀ ni kí ó jókòó sí, lórí kọnkéré tí ó nípọn.

Ṣùgbọ́n omi kì í tẹ ilẹ̀ nìkan, ó ń ti ògiri pẹ̀lú. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí ara agolo gíga kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ sì bu omi kún un. Ẹ ó rí i pé omi inú ihò ìsàlẹ̀ ni ó ń fi agbára tú jáde jù. Bí omi bá ti jìn tó ni agbára rẹ̀ ti ń pọ̀ tó. Nínú táńkì wa yìí, agbára tí omi fi ń ti ògiri iwájú tó ìwúwo 700 kílò, bí ẹni pé a kó àpò sìmẹ́ńtì 14 tì í.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn. Bí a bá sọ gígùn táńkì di ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń ti ògiri iwájú yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ jíjìn omi ni a sọ di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún táńkì rẹ̀, kí ó fi kún gígùn àti ìbú rẹ̀, kí ó má fi kún gíga rẹ̀. Ẹja kò ní bínú sí i, nítorí pé ìsàlẹ̀ omi ni àrọ̀ fẹ́ràn láti máa gbé.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ Ọ

Kí bíríkìlà kọ́kọ́ da kọnkéré ilẹ̀, kí ó fi irin sí i, kí irin mìíràn sì yọrí sókè láti inú rẹ̀ níbi tí ògiri yóò dúró sí. Búlọ́ọ̀kù oníhò, íǹṣì 9, ni kí ó fi kọ́ ògiri, kí irin tí ó yọrí gba inú ihò wọn kọjá, kí a sì fi kọnkéré dí gbogbo ihò náà. Lórí pátápátá, kí a da kọnkéré onírin yí i ká bí ìgbànú.

Páìpù tí omi yóò máa gbà jáde ńkọ́? Inú kọnkéré ilẹ̀ ni kí a ti gbé e sí, kí ilẹ̀ táńkì sì dà díẹ̀ sí ọ̀nà rẹ̀. Tútù ni a ti ń ká ẹja. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí kọnkéré gbẹ kí ó tó rántí páìpù, òòlù àti ìpalára ni yóò bá a dé.

Fèrèsé ni ó kàn. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1½, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi íǹṣì 6 ga sí ilẹ̀ táńkì. Bí ó ti mọ báyìí, agbára tí ó kan dígí kò ju bí 265 kílò lọ. Ìyókù, ògiri ni ó ń gbà á. Dígí tí ó nípọn ní mílímítà 12 lè gbà á, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tó 15 tàbí 19 ni ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dígí fi íǹṣì 2 tóbi ju ojú fèrèsé lọ ní ọ̀tún, ní òsì, lókè àti nísàlẹ̀.

Inú táńkì ni kí a ti gbé dígí náà lé ẹnu fèrèsé, kì í ṣe láti ìta. Bí a bá gbé e láti inú, omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í mọ́ ògiri, yóò sì máa le sí i. Bí a bá gbé e láti ìta, omi yóò máa lé e lọ ni, gọ́ọ̀mù nìkan ni yóò sì máa dá a dúró. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù ni a ń lò, èyí tí kò ní oògùn apaèbu nínú, nítorí pé oògùn náà lè pa ẹja. Kí a tó fà á, kí ẹnu fèrèsé dán, kí ó gbẹ, kí a sì ti fi ọ̀dà ẹ́pọ́síìsì kùn ún, nítorí pé sílíkóònù kì í fẹ́ mú sìmẹ́ńtì lásán dáadáa. Kí a to rọ́bà pẹlẹbẹ kéékèèké sí àárín dígí àti ògiri, kí dígí má bàa kan sìmẹ́ńtì níbikíbi. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kí a fi sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù fi gbẹ.

Bí a bá fẹ́ dán táńkì wò, kí a má ṣe pọn omi kún un lẹ́ẹ̀kan. Kí a bu ìdá mẹ́rin rẹ̀ sí i lónìí, kí a fi ìwé gbígbẹ nu ìta dígí àti ògiri ní ọ̀la. Bí ìwé náà kò bá tutù, kí a tún bu ìdá mìíràn sí i.

Ẹ má ì tíì kó ẹja sí i. Sìmẹ́ńtì tuntun máa ń tú ẹfun sínú omi, ẹfun yìí a sì máa jó ẹja lára. Kí omi wà nínú táńkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a máa dà á nù, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀MÍ OMI

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù nìyí. Táńkì wọn kò jò, omi wọn mọ́ gaara, síbẹ̀ ẹja wọn a máa kú. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹja máa ń tú amóníà jáde láti ibi tí ó fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Amóníà kò ṣeé fojú rí nínú omi, májèlé sì ni fún ẹja. Nínú odò, omi tí ń ṣàn a gbé e lọ. Nínú táńkì, kò rí ibi lọ.

Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni Ọlọ́run dá láti máa gbọ́ ìyẹn. Irú kan nínú wọn, Nitrosomonas, a máa sọ amóníà di náítíráìtì. Májèlé ni èyí pẹ̀lú, nítorí pé ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di aláwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ó gbé ọ́síjìn mọ́. Irú kejì, Nitrospira, ni ó wá ń sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní ohunkóhun bí kò bá ti pọ̀ jù. Ara òkúta àti fóòmù ni wọ́n máa ń gbé. Nítorí náà ilé méjì ni à ń kọ́: ilé ẹja, àti ilé kòkòrò.

Dúróòmù ńlá kan tó fún ilé kòkòrò. Kí a to òkúta wẹ́wẹ́ àti fóòmù sínú rẹ̀, kí páìpù máa gbé omi táńkì wá síbẹ̀, kí pọ́ǹpù sì máa dá a padà. Pọ́ǹpù náà gbọ́dọ̀ lágbára tó láti mú gbogbo omi táńkì gba inú dúróòmù kọjá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Bí ó ti ń tú omi padà láti òkè ni ó ń bu atẹ́gùn sí i. Èyí ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa, nítorí pé omi tí ó bá móoru kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ bí omi tútù.

Kòkòrò wọ̀nyí kì í pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ní àkókò yìí, kí a máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́, kí ó máa jẹrà, kí kòkòrò lè rí amóníà jẹ. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rẹ́ tí táńkì rẹ̀ ti pẹ́, kí ó tọrọ fóòmù lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ yóò yá. Nígbà tí àyẹ̀wò omi bá fi hàn pé amóníà àti náítíráìtì ti tán, ẹja méjì ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ìyókù máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ

Èkíní, iná mànàmáná lè lọ nígbàkúùgbà. Àrọ̀ lè fara dà á, nítorí pé ó ní ẹ̀yà ara kan tí ó fi ń mí atẹ́gùn òkè, ṣùgbọ́n ẹ̀pìyà kò ní in. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí a da omi inú dúróòmù nù kí pọ́ǹpù tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé omi náà ti bàjẹ́.

Èkejì, omi ẹ̀rọ tí ó bá ní kilórínì yóò pa kòkòrò àti ẹja. Kí a pọn ọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Omi táńkì ni kí a sì fi fọ fóòmù.

Ẹ̀kẹta, kí a máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí náítíréètì má bàa pọ̀ jù. Ẹ má da omi yìí nù sí gọ́tà. Ẹ bu ú sí ìdí ẹ̀fọ́, ẹ ó sì rí ewé.

Ẹ̀kẹrin, ìdérí. Àrọ̀ a máa fò, a sì máa wọ́ nílẹ̀. Kí ibi tí a ti ń ki wáyà bọ iná ga ju ojú omi lọ, kí ọwọ́ tútù má sì kàn án.

Bí a bá ka ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀, láti ìgbà tí a da kọnkéré títí di ìgbà tí ẹja àkọ́kọ́ wọlé, oṣù mẹ́ta ni tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń kánjú yóò sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àrọ̀ lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú omi tí ó bá dára, oṣù mẹ́ta kò sì pọ̀ jù láti fi tún ilé rẹ̀ ṣe.