Eré Ìje Bàálù Kékeré

Ẹni tó ń fi ẹṣin sáré ìje, orí ẹṣin ló wà. Ẹni tó ń fi mọ́tò sá a, inú mọ́tò ló wà. Eré tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín yìí yàtọ̀. Bàálù ni wọ́n fi ń sá a, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni awakọ̀ dúró sí, tó ń fi rédíò kékeré ọwọ́ rẹ̀ darí ohun tó wà lókè.

Ẹ má ṣe pè é ní ìṣeré ọmọdé o. Bàálù náà wúwo ju kílógíráàmù 2 lọ, ó sì lè sá ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Bí ó bá gbá ènìyàn, ó lè pa á. Ìdí nìyí tí awakọ̀, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àti àwọn adájọ́ fi gbọ́dọ̀ dé akoto.

Ẹgbẹ́ FAI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1905, ló ń ṣe òfin eré òfúrufú fún gbogbo ayé. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní F3D ni n óò mú. Òpó mẹ́ta ni wọ́n nà ró ní onígun mẹ́ta. Òpó kejì àti ìkẹta sún mọ́ra, mítà 40 ló wà láàrin wọn. Òpó kìíní dá dúró lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí mítà 180 sí wọn. Ìgbà mẹ́wàá ni wọn yóò yí i po, ó di kìlómítà 4. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yà sí nígbà gbogbo. Wọn kì í gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Adájọ́ ń tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aago oníkálukú sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé lè má jẹ́ ẹni tó borí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Àwọn tó ń wa bàálù gidi yí òpó ká ní Reno ní Amẹ́ríkà, láti 1964 títí di 2023, ń rí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Awakọ̀ tiwa dúró nítòsí òpó kejì àti ìkẹta. Bàálù rẹ̀ dà bí ẹyẹ lọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ kò lè sọ bóyá ó ti kọjá òpó kìíní. Bí ó bá tètè yà, ó ti gé òpó nìyẹn. Bí ó bá pẹ́, ẹ rántí pé bàálù náà ń lọ ju mítà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo!

Adájọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń fi iná ṣe àmì fún un. Olùrànlọ́wọ́ tó dúró ti èjìká rẹ̀ ń wo iná, á sì kígbe pé kí ó yà. Ṣùgbọ́n kí ojú tó rí i, kí ẹnu tó sọ ọ́, kí etí tó gbọ́, ọ̀nà ti jìn. Lójú tèmi, olùrànlọ́wọ́ yìí ní ìpín nínú ìṣẹ́gun bí awakọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyà wo ló wà fún gígé òpó? Fún ẹ̀ẹ̀kan, wọn yóò fi ìdámẹ́wàá kún àkókò rẹ̀: 60 di 66. (Ìdámẹ́wàá tí kò ní ìbùkún nínú!) Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, 200 ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò parí eré rárá. Iye ìṣẹ́jú àáyá ni máàkì, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló sì borí. Akọṣẹ́mọṣẹ́ kì í lò tó 70. Ní ti ẹni tó bá fò wéwu, tàbí tó fò kọjá lórí àwọn ènìyàn, wọn kò ní wo aago rẹ̀ rárá kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.